Alágbàtọ́ Kan fún Ilé Méjì: Ìdáhùn sí Abiyamọ Kan ní Súrùlérè

 Nínú lẹ́tà yín, ẹ ní ọ̀sẹ̀ 12 ìsinmi ìbímọ yín ń parí lọ, ẹ ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ yín ní Marina. Ẹ ní aládùúgbò yín tí ń gbé ìsàlẹ̀, tí ọmọ tirẹ̀ ti pé oṣù 10, dábàá kí ẹ jọ gba alágbàtọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ sì jọ máa san owó rẹ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi ni ọkàn baálé yín fà sí, nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti ń wá ọmọdébìnrin ọlọ́dún 11 kan bọ̀ láti abúlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ọmọdébìnrin náà kúrò nílẹ̀. Ẹni ọdún 11 ṣì wà lẹ́ni tí à ń tọ́, ilé-ìwé ló sì yẹ ẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ di tirẹ̀ ní 2007, lòdì sí kí a gba ọmọdé sí iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ lóde ilé àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹ rántí ìkúnlẹ̀ ìyá tó bí òun náà.

Baálé yín kò ṣìnà. Bí àìsàn bá mú olùtọ́jú kan ní jẹ́lé-ó-sinmi, òmíràn yóò gba ipò rẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní í tì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá húkọ́ níbẹ̀ lónìí, ìyàrá gbogbo lè máa húkọ́ lọ́la, ti yín kò sì tíì dàgbà tó láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi, tí ọmọ máa ń gbà ní oṣù 9. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí èyí tó mọ́, tó sì sún mọ́ ọ́fíìsì, ẹ má gbàgbé pé òfin iṣẹ́ fún abiyamọ ní ìlàjì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Àǹfààní yìí kò sì wúlò fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Súrùlérè.

Síbẹ̀, àjọgbà alágbàtọ́ tí aládùúgbò yín dábàá ni mo fara mọ́ fún ọdún àkọ́kọ́, nítorí pé ọmọ jòjòló nílò apá kan náà tí yóò máa gbé e lójoojúmọ́, àti nítorí pé gbígbé e wọ danfo kí ilẹ̀ tó mọ́ jẹ́ ìyà fún un. Ohun tí ó sì sábà máa ń tú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ká, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá méjèèjì ni í ti í wá. Ìyá kan ní kí a fún ọmọ ní ògì, èkejì ní ó di èèwọ̀. Ọ̀kan ti dé ní aago 4, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì dá èkejì dúró lórí Afárá Èkó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibà mú ọmọ kan, kò sì sí ẹni tó mọ ilé tí èkejì yóò wà lọ́jọ́ náà. Alágbàtọ́ a wá dàbí ẹni tí ń sin olúwa méjì. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Nítorí náà, kí ẹ tó pe obìnrin kankan, ẹ̀yin méjèèjì pẹ̀lú àwọn baálé yín, ẹ jókòó, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ sínú ìwé: ilé ta ni, owó èló, ta ni yóò san àsìkò tó lé, àti ohùn ta ni alágbàtọ́ yóò gbọ́ bí ohùn bá di méjì.

Kí alágbàtọ́ náà sì ti tó àgbàlagbà, kí ẹ jókòó tì í fún odidi ọjọ́ kan kí ìsinmi yín tó parí. Ọmọ olóṣù 10 ń rákò, ohun gbogbo tó bá rí nílẹ̀ ló ń kì bọ ẹnu. Ti yín, ọrùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le ni. Ẹ wo ibi tí ojú alágbàtọ́ wà nígbà tí ó bá ń wẹ ọmọ yín, tí èkejì sì ń rákò lọ sídìí sítóòfù. Ẹ wò ó bóyá ó ń da omi ọyàn tí ẹ fún sílẹ̀ nù kí ó tó pé wákàtí 4 níta, nítorí ooru Èkó kì í jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀ kó tó bàjẹ́.

Bí aládùúgbò yín bá sì ní ọ̀rẹ́ kì í kọ ìwé àdéhùn fún ọ̀rẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bá baálé yín wá jẹ́lé-ó-sinmi tí ẹsẹ̀ yín lè dé láti ọ́fíìsì.