Ìwé Mẹ́ta ní Àkókò Òjò

Olùkọ́ àgbà kan wà ní ìlú Ìsinbọ̀dé-Èkìtì tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Nígbàkígbà tí òjò bá dá àwọn ènìyàn dúró sí ilé, tí ọ̀nà oko kò sì ṣeé tọ̀, ìdí ìwé ni a máa ń bá a. Kì í ka ìwé kan tán kí ó kàn gbé e tì bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó máa ń kọ èrò rẹ̀ sí: ohun tí ìwé náà kọ́ ọ, ohun tí ó dùn mọ́ ọn, àti èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní àkókò ìsinmi gígùn kan, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ yìí fẹ́ràn ìwé púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún náà kò fẹ́ fi ojú kan ìwé ìtàn rárá. Nígbà tí bàbá àgbà bi í ní ìdí rẹ̀, ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ni ó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ránṣẹ́ kiri lórí fóònù. Ó ní ọmọ òrukàn ni òun, àìsàn dá òun wó, kò sì sí ẹni tí yóò ra oògùn fún òun. Ó dárúkọ àdúgbò tí ó ń gbé, ó sì dárúkọ ọjà tí ìyá rẹ̀ ti ń tajà kí ó tó kú. Omijé bọ́ lójú ọmọ náà bí ó ti ń kà á. Ó kó owó tí ó ti ń tọ́jú láti fi ra ìwé, ó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìtàn kan náà tún jáde, ṣùgbọ́n orúkọ ti yí padà, àdúgbò àti ọjà sì ti yí padà pẹ̀lú. Nígbà náà ni ó tó mọ̀ pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni ọmọ náà wí. "Irọ́ ni gbogbo ìtàn. N kò tún ní í fi àkókò mi ka irọ́ mọ́."

Bàbá kò bá a jiyàn. Ó mọ̀ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ó kàn lọ mú ìwé mẹ́ta tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán ní àkókò òjò náà, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó ní, "Wo àwọn ìwé yìí. 'Èmi' ni ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pe ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó lù ọ́ ní jìbìtì náà ti ṣe. Jẹ́ kí a wò ó bóyá ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

Ìwé kìn-ín-ní ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ. Ọdún 1938 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde, Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá ti kà á ní ìgbésí ayé rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ẹ̀rù ni ó bà á. Kò lè dá jáde lóru nítorí Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí ó di olùkọ́, èdè ìwé náà ni ó ń wò, bí ọ̀rọ̀ ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bí ìlù ti ń tẹ̀lé orin. Ní àkókò òjò yìí tí ó tún un kà, ìrìn àjò lọ sí Òkè Láńgbòdó ni ó gba ọkàn rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ọba kò rán Àkàrà-oògùn nìkan lọ. Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn dídùn, Káko ní agbára, ẹlòmíràn sì mọ ọfà ta. Kò sí ẹni tí ẹ̀bùn tirẹ̀ nìkan tó fún ìrìn àjò náà. Bàbá sì tún kọ ọ́ pé, ní tòun, ìwàásù pọ̀ jù nínú ìwé náà ní àwọn ibì kan, àti pé ìtàn ìbá yára sí i bí a bá dín in kù.

"Ṣùgbọ́n, Bàbá, kò sí ẹni tí ó ní ojú mẹ́rìndínlógún," ni ọmọ náà wí.

Bàbá dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Fágúnwà náà sì mọ̀ pé o mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó sì fi hàn án bí arúgbó kan ti wá bá òǹkọ̀wé tí ó sì ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. "Ẹnu ọ̀nà ni èyí," ni ó wí. "Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé ti mọ̀ pé ilé àlọ́ ni òun wọ̀. Ǹjẹ́ o ti rí ẹnikẹ́ni tí ó ka ìwé yìí tán tí ó di ẹrù rẹ̀ láti máa wá ọ̀nà Òkè Láńgbòdó? Ẹni tí ó bá pa àlọ́ fún ọ kò purọ́ fún ọ. Ìwà ènìyàn ni ó fi hàn ọ́, ó kàn fi awọ iwin bò ó ni."

Ìwé kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni. Láti ọdún 1929 sí 1930 ni ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí obìnrin kan ń kọ sí olóòtú. Obìnrin náà ní arẹwà ni òun nígbà èwe, ẹwà náà ni ó sì kó bá òun, tí òun fi ń ti ọwọ́ ọkùnrin kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Nísinsìnyí ó ti darúgbó, àìsàn ti dé, ó sì ń kábàámọ̀. Ó ń dárúkọ àwọn àdúgbò Èkó, ó ń mẹ́nu ba àwọn orin tí gbogbo ìlú mọ̀. Àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nípa rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe àwọn kan. Ṣùgbọ́n kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà gan-an, ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1930 ó tẹ̀ ẹ́ ní odindi ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Ọmọ náà fò dìde. Ó ní, "Bàbá, ohun tí wọ́n ṣe fún mi gan-an nìyí! Ẹni náà tan àwọn ènìyàn jẹ."

Bàbá kò tètè dáhùn. Òun pàápàá ti ro ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ó ń ka ìwé náà, kò sì rọrùn fún un láti dá Thomas láre pátápátá. Nígbà tí ó yá, ó ní, "Òótọ́ ni. Òǹkọ̀wé yìí kò ṣe ẹnu ọ̀nà sí ilé tirẹ̀. Àwọn tí ó wọlé rò pé ìta ni àwọn ṣì wà. Bí mo bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó káàánú Ṣẹ̀gilọlá nígbà náà, inú mi kì bá dùn nígbà tí mo bá gbọ́ òdodo ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kà á lónìí ti mọ ẹni tí ó kọ ọ́, ohun tí ó sì kù nínú rẹ̀ fún wa pọ̀: bí Èkó ti rí nígbà náà, bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, bí ẹ̀dá ti ń mọ̀ọ́mọ̀ rìn lọ́nà tí kò dára. Ẹ̀kọ́ kan sì tún wà níbẹ̀ tí ó kan ọ́. Orúkọ àdúgbò kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ ọjà. Bí nǹkan bá tilẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn, èyí nìkan kò sọ ọ́ di òtítọ́."

Ìwé kẹta ni Aké, nínú èyí tí Wọlé Ṣóyínká ti sọ ìtàn ìgbà èwe ara rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún 1981 ni ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá. Nínú rẹ̀ ni a ti rí ọmọdé tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, tí ìwé sì wù ú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tètè wá sí ilé-ìwé kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó pé. Níbẹ̀ ni a ti rí i tí ó tẹ̀lé àwọn ọlọ́pàá tí ń fọn fèrè títí ó fi bá ara rẹ̀ ní Ìbarà, tí kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni a ti rí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí wọ́n dìde nítorí owó orí, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì ṣáájú wọn.

Bàbá gbádùn ìwé yìí ju méjì ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ó kọ iyèméjì kan sílẹ̀. Báwo ni ẹni tí ó ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún ṣe lè rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nígbà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún? Ó ní ìrántí dàbí aṣọ àtijọ́: bí ibì kan bá ya, ẹni tí ó ni ín yóò lẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ kò sì ní í mọ ibi tí òun lẹ̀ mọ́.

Ọmọ náà bi í pé, "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbá, kí ni ó mú kí ẹ gbà á gbọ́?"

Bàbá dáhùn pé, "Nítorí pé kò dá nìkan wà. Ẹni tí ó kọ ọ́ dárúkọ ara rẹ̀, a sì mọ ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà ní ẹlẹ́rìí púpọ̀. Ní ọdún 1948, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi Abẹ́òkúta sílẹ̀, ní ọdún 1950 ni ó sì tó padà. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́, àwọn ìwé ìtàn sì kọ ọ́. Bí Ṣóyínká bá yí ọ̀rọ̀ náà po, ẹnu àwọn Ẹ̀gbá kò ní í gbà á. Ìbẹ̀rù ẹlẹ́rìí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ń sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ àti ẹni tí ń pa àlọ́."

Ó wá ka ọ̀rọ̀ náà sí ìbéèrè mẹ́ta fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìkíní, ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ǹjẹ́ ó sì jẹ́ kí a mọ irú ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ? Ìkejì, kí ni ó ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń kà á? Ìkẹta, ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀? "Fágúnwà fẹ́ kí o ronú," ni ó wí. "Thomas fẹ́ kí o ra ìwé ìròyìn rẹ̀ kí o sì kọ́gbọ́n. Ṣóyínká fẹ́ kí o bá òun rántí. Ẹni orí fóònù yẹn kò fẹ́ nǹkan kan bí kò ṣe owó rẹ, kíákíá, kí o tó rí ẹni bi léèrè. Ìtàn kọ́ ni ó jà ọ́ lólè, ọmọ mi. Olè ni ó wọ aṣọ ìtàn."

Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, ìwé tiyín ńkọ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni olùkọ́ lásán ní tí yóò kọ. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ìwé tuntun kan, ó kọ ọ́ pé òun bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ náà kà á, ó sì bi í pé, "Ta ni ẹlẹ́rìí yín?" Bàbá wò ó títí, ó sì rán an sí ọ̀rẹ́ òun kan ní ìlú náà tí wọ́n jọ wọ ilé-ìwé.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi padà dé. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní kì í ṣe 1955. Wọ́n ní ọdún kejì rẹ̀ ni ẹ tó wọlé, nítorí pé nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kí ẹ fi di etí òsì mú, ọwọ́ yín kò tó o."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Kò pa èyí tí ó ti kọ rẹ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí abẹ́ tirẹ̀, ọdún méjèèjì sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ó gbé ojú sókè, ọmọ náà ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ti ṣí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ó sì ń kà á.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó mú kí ọmọ náà kórìíra ìwé ìtàn?
2. Kí ni bàbá pè ní "ẹnu ọ̀nà" nínú ìwé Fágúnwà?
3. Kí ni ìdí rẹ̀ tí kò fi rọrùn fún bàbá láti dá Isaac B. Thomas láre?
4. Sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àlọ́ àti ìtàn ìgbésí ayé gẹ́gẹ́ bí bàbá ti ṣàlàyé rẹ̀.
5. Bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà méjì nípa ohun kan náà tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú rẹ nígbà èwe wọn. Kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ sílẹ̀, kí o sì fi ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀ hàn.