Igbó Ìjọba: Ohun tí ó Yẹ kí Àlejò àti Ọdẹ Mọ̀

Ní Akówọnjọ àti ní gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ilé àti ọjà ti gba ibi tí oko àti igbó wà rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ẹranko ìgbẹ́ níláti rin ìrìn àjò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó tí ìjọba fi pamọ́ fún gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi àìmọ̀ bọ́ sínú ẹjọ́.

A ó fi igbó Ọ̀yọ́-Ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1936 ni ìjọba ya igbó apá òkè odò Ògùn sọ́tọ̀; ní 1941, a ya ti Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Ní 1952 wọ́n di ibi ìpamọ́ ẹranko, ní 1991 sì ni gbogbo rẹ̀ di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹfọ̀n, egbin, àgbọ̀nrín àti ọ̀bọ ń bẹ níbẹ̀. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú àwọn baba wa, ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ǹjẹ́ ọdẹ lè gbé ìbọn wọ ibẹ̀? Rárá o. Òfin ọdún 1999 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ṣọdẹ, láti dẹ pàkúté, láti dáná sun igbó tàbí láti da ẹran ọ̀sìn wọ inú ọgbà náà. Kí àlejò má sì pẹja níbẹ̀ láìgba àṣẹ.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ẹfọ̀n a máa lóyún fún bí oṣù 11, ọmọ kan ṣoṣo ni í sì í bí. Ẹni tí ó pa abo kan pa ìran kan. Bí ẹran bá rí ibi bímọ láìsí ìbẹ̀rù, wọn yóò pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá jẹ èbù iṣu rẹ̀ tán, kí ni yóò gbìn ní àmọ́dún? Ẹni tí ẹran ìgbẹ́ ń wù lè sin ọ̀yà nínú ilé: oyún oṣù 5 ni tirẹ̀, ó sì lè bí ọmọ 4 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Èkó pẹ̀lú. Odò Ògùn la igbó náà kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì ń ṣàn wá sí ọ̀sà. Láti inú odò yìí, ní Akútè, ni ilé-iṣẹ́ omi Àdìyàn ti ń fa omi tí a ń mu.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ tí àwọn ẹran sì ń wá sí etí omi. Kí ó kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ọgbà náà ní Ìsokùn, ní ìlú Ọ̀yọ́, kí ó san owó ìwọlé, kí ó sì tẹ̀lé afinimọ̀nà. Kí ó má pariwo.

Ẹni tí kò lè rìn jìnnà, kí ó lọ sí ọgbà Lẹ́kí, tí a dá sílẹ̀ ní 1990. Afárá orí igi tí ó wà níbẹ̀ gùn tó mítà 401, ènìyàn sì lè lọ kí ó bọ̀ ní ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin ará wa, igbó ìjọba kì í ṣe igbó aláìní olówó. Tiwa ni, ti àwọn ọmọ wa sì ni.