Ẹ Ka Àjẹkù Kí Ẹ Tó Ka Owó

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ọ̀yà àkọ́kọ́ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí òwúrọ̀ mi ṣe ń rí. Kí n tó bọ́jú, ilé ọ̀yà ni mo ń kọ́kọ́ wọ̀. Ẹran kọ́ ni mo sì kọ́kọ́ ń wò, ilẹ̀ ni. Kí ló kù nínú eèsún tí mo fún wọn lálẹ́ àná? Ṣé igi líle nìkan ló ṣẹ́ kù, àbí wọ́n fi èyí tó tutù sílẹ̀? Imí wọn ńkọ́? Ṣé ó gbẹ, ó dá dúró ní hóró-hóró, àbí ó lẹ̀ mọ́lẹ̀? Ìgbà tí mo bá ti ka ilẹ̀ yẹn tán ni mo tó ń gbójú sókè wo àwọn tó jẹun níbẹ̀.

Ẹran ìgbẹ́ ni ọ̀yà, bí a tilẹ̀ bí i sínú ilé. Nínú ìgbẹ́, èyí tó bá jẹ́ kó hàn pé ara òun kò yá, òjòlá tàbí àṣá ló ni ín. Ìdí nìyẹn tó fi ń bo àìsàn mọ́ra. Ewúrẹ́ yóò ké, ajá yóò wá dùbúlẹ̀ sí yín lẹ́sẹ̀, ọ̀yà yóò dákẹ́ ni. Ìgbà tí ẹ bá fi máa rí i tó ká jọ sí kọ̀rọ̀, tí irun rẹ̀ dìde gàn-ùn gàn-ùn, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí inú ti ń run ún ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń ṣẹ́ kù. Àjẹkù ni ẹnu rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ àjẹkù kà, ọ̀yà á máa bá a sọ̀rọ̀, kò ní gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń pa ẹran yín láìmọ̀. Ọ̀yà kì í ṣe ewúrẹ́. Ewé ni ewúrẹ́ ń wá, igi koríko ni ọ̀yà ń wá. Eèsún, koríko gíní, ìrèké, igi àgbàdo tútù: àwọn wọ̀nyí ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá gé eèsún tí ẹ re igi rẹ̀ dànù, tí ẹ wá kó ewé rẹ̀ fún un, ẹran lẹ fi sílẹ̀, ẹ ń bu omi ọbẹ̀. Ẹ lè fi gbágùúdá gbígbẹ, àgbàdo, dúsà tàbí ànàmọ́ díẹ̀ kún un, pàápàá fún abo tó lóyún àti èyí tó ń tọ́mọ. Mo ní díẹ̀. Koríko ni inú rẹ̀ mọ̀ ọ́n dà. Apá kan wà nínú ìfun rẹ̀ tó dà bí àpò, níbẹ̀ ni koríko ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di agbára. Bí ẹ bá da àgbàdo kún àpò yẹn lójoojúmọ́, ẹ ti da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Abo tó bá sanra jù nítorí oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ìnira ló máa ń bá a nígbà ìbímọ.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, eèsún yọ, ó tutù, ó ń dán. Mo ní òde kan tí mo ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ni mo bá sáré gé koríko pẹ̀lú omi òjò lára rẹ̀, mo dà á fún wọn, mo sì bá tèmi lọ. Ìgbà tí mo dé lálẹ́, inú wọn ti wú, ó le bí awọ ìlù. Márùn-ún ló kú mọ́jú, méjì nínú wọn lóyún. Mo wò ó títí, mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè dá lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán tí ìrì ti gbẹ ni mo ń gé koríko. Màá tẹ́ ẹ sábẹ́ òrùlé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, kó sùn síbẹ̀ kí n tó fún wọn lọ́jọ́ kejì. Koríko tó rọ̀ díẹ̀ kì í wú wọn nínú. Ẹ má sì gé koríko ẹ̀gbẹ́ oko tí ẹ kò mọ olóko rẹ̀. Oògùn apakoríko kì í sábà yí àwọ̀ ewé padà lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́n ọn, ṣùgbọ́n ó ti wà níbẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó gé, tàbí kí ẹ gbin eèsún tiyín. Ẹni tó kọ́lé ọ̀yà tí kò gbin eèsún, òjò ló fi ṣe olùtọ́jú. Ọjọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yóò máa wá koríko kiri bí ẹni tí nǹkan sọnù.

Ẹ fún wọn lómi mímọ́ lójoojúmọ́. Àwo amọ̀ tó wúwo ni kí ẹ lò, torí wọn yóò da èyí tó bá fúyẹ́ nù, ilẹ̀ yóò sì rin. Ilẹ̀ tó rin ni àìsàn fi ń ṣe ibùsùn.

Ẹ óò rí i nígbà mìíràn tí ọ̀yà tẹ orí ba, tó ń fi ẹnu gba imí rẹ̀ tó rọ̀ látìdí, tó sì ń jẹ ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré wá bá mi nítorí ìyẹn, ó ní orí ẹran òun ti dàrú. Orí rẹ̀ pé. Oúnjẹ tí kò ì tíì dà tán ló ń gbà padà, kó lè rí èrè rẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má dá a dúró.

Eyín rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo eyín òkè méjì tó wà níwájú: ó pọ́n bí ọsàn, ìlà 3 sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eyín yẹn kì í dẹ́kun dídàgbà títí ẹran yóò fi kú. Bí kò bá rí ohun líle rún, eyín á gùn kọjá bó ṣe yẹ, kò ní lè jẹun mọ́. Ẹ máa fi igi líle tàbí egungun gbígbẹ sọ́dọ̀ wọn. Eyín yìí kan náà ni ìdí tí pákó kò fi ṣeé fi kọ́lé fún wọn. Bíríkì tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, pẹ̀lú irin, ló ń dá wọn dúró.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìbẹ̀rù ló tún ń pa ọ̀yà. Ariwo ẹ̀rọ, ajá, ọ̀pọ̀ àlejò lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ óò gbọ́ bí yóò ṣe máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kilẹ̀ gbì-gbì. Ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún àwọn yòókù. Ẹ dúró, ẹ má gbésẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mú un, ẹ má fa ṣóńṣó ìrù rẹ̀, torí ìrù yẹn máa ń já, kò sì ní hù mọ́. Awọ rẹ̀ náà fẹ́lẹ́, ó ń ya kíákíá. Ìdí ìrù, níbi tó ti lẹ̀ mọ́ ara, ni kí ẹ dì mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì gbé àyà rẹ̀ ró. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; lára ọ̀yà ni mo ti rí òwe yìí pẹ̀lú ojú mi. Ẹni kan náà ni kó máa fún wọn lóúnjẹ, ní àkókò kan náà. Wọ́n mọ ìró ẹsẹ̀ ẹni.

Ní ti ìbísí, akọ 1 sí abo 4 tó. Akọ méjì tó ti bàlágà kò gbọdọ̀ gbé pọ̀, wọn yóò bá ara wọn jà dójú ikú. Bí ẹ kò bá mọ akọ yàtọ̀ sí abo, ẹ wo àyè tó wà láàrin ihò ìdí àti ojú ara: ti akọ gùn tó ìlọ́po méjì ti abo. Ẹ má fi ẹnu ẹni tó ń tà á ṣe ẹ̀rí.

Wàyí o, owó. Mo mọ̀ pé òun ló mú ọ̀pọ̀ yín wá, kò sì burú. Ẹran ọ̀yà kì í pẹ́ lọ́jà. Àwọn tó ń tà á létí títì márosẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọdẹ tó ń dáná sun ìgbẹ́ nítorí rẹ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀yà tí ẹ bá sìn dáadáa jẹ́ ìdí kan tí igbó kan kò fi ní jóná. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àlá: láti 1983 ni ilẹ̀ Benin àti Jámánì ti jọ dáwọ́ lé ètò ọ̀sìn ọ̀yà ní Godomey, lẹ́bàá Cotonou, ọ̀pọ̀ ohun tí à ń ṣe lónìí sì ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò. Oyún ọ̀yà ń lo nǹkan bí ọjọ́ 152, oṣù márùn-ún nìyẹn. Ó sábà máa ń bí ọmọ bíi 4. Ọmọ náà ti nírun, ojú rẹ̀ ti là, ó sì ń sáré lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, síbẹ̀ yóò mu ọmú fún bí ọ̀sẹ̀ 6. Abo inú wọn kò ní tó gùn títí yóò fi pé nǹkan bí oṣù 7, lẹ́yìn èyí ni yóò ru oyún oṣù márùn-ún tirẹ̀. Ọdún kan ti kọjá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé oṣù mẹ́fà ni ẹ óò fi lówó, ọ̀yà tirẹ̀ ló fẹ́ tà fún yín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín pè mí ní òru. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, abo kan ò jẹun mọ́." Mo ní kí ló kù nílẹ̀? Ó ní òun ti gbálẹ̀, òun fẹ́ kí ilé mọ́ kí òun tó pè mí. Mo ní imí ńkọ́? Ó ti gbá a dànù. Èmi àti ẹ̀ wá ń táràrà nínú òkùnkùn, torí gbogbo ohun tí ẹran náà fẹ́ sọ fún wa ti wà lórí ààtàn.

Ọmọ dáadáa ni, ìmọ́tótó ló ń ṣe, mi ò sì bá a wí. Ẹ máa gbálẹ̀ lójoojúmọ́ ni o. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú ìgbálẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ná.