Oògùn Nìkan Kọ́: Ẹ̀kọ́ Lórí HIV Tó Ti Wọra àti Owó Ìrànwọ́ Tó Dín Kù

Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ ọ ní kíláàsì pé ẹni tó ní HIV, tó sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, lè pẹ́ láyé kó sì rí ọmọ-ọmọ. Òótọ́ ni. Kí ló wá dé tí àwọn kan ṣì ń kú?

Kí là ń pè ní HIV tó ti wọra?
Àwọn sójà ara kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní CD4. Àwọn ni HIV ń pa. Tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé CD4 ẹni tó ní HIV kò tó 200 mọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní àrùn náà ti wọra nìyẹn. Wọ́n ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, tó ní HIV tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, mọ́ wọn. Ẹni náà lè máa rìn, kó máa rẹ́rìn-ín. Ojú lásán ò lè rí i.

Ìtọ́jú wo ló yẹ ẹ́?
1. Àyẹ̀wò CD4, ká lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.
2. Àyẹ̀wò ikọ́ fée. Òun ló ń pa àwọn tó ní HIV jù. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kan wà, TB-LAM, tí èsì rẹ̀ kì í tó wákàtí kan.
3. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún cryptococcus, kòkòrò bí ebu tó ń wọ ọpọlọ. Tí wọ́n bá tètè rí i, oògùn fluconazole lè dá a dúró.
4. Septrin, tó ń dènà òtútù àyà àti àwọn àrùn mìíràn.
5. Oògùn HIV fúnra rẹ̀.

Ibo lọ̀rọ̀ owó ti wọ̀ ọ́?
Láti 2003 ni Amẹ́ríkà ti ń fi ètò PEPFAR gbógun ti HIV ní Áfíríkà. Ní January 20, 2025, Ààrẹ Donald Trump dá owó ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Wọ́n padà yọ̀ǹda ìtọ́jú tó ń gba ẹ̀mí là, àmọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti dá iṣẹ́ dúró. Ní February, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti ra oògùn HIV.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù? Ta ló máa tẹ ẹni tí kò wá gba oògùn mọ́ láago? Tí owó bá dín, irú iṣẹ́ wọ̀nyí ló rọrùn láti gé, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń jẹ́ ká mọ ẹni tí ikú ti sún mọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá ò ní ká a mọ́.

Àwa ńkọ́?
Ẹ jẹ́ ká má fi ẹni tó ní HIV ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtìjú ń lé aláìsàn kúrò nílé ìwòsàn, kódà níbi tí oògùn wà.

Ìbéèrè
(a) Kí ni iṣẹ́ CD4 nínú ara?
(b) Dárúkọ àrùn méjì tó ń kọlu ẹni tí CD4 rẹ̀ kò tó 200.
(d) Kí nìdí tí oògùn nìkan kò fi tó?