Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Idigny Tó Ń Fi Kóòdù Ka DNA Iṣu

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ kúrò ní Idigny lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ní Yunifásítì Abomey-Calavi, tẹ́ ẹ sì ti ń kọ kóòdù Python, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ láti Japan, IITA n'Ibadan àti ibòmíràn gbé àkọsílẹ̀ DNA iṣu funfun, Dioscorea rotundata, jáde. Lọ́dún 2019, Nora Scarcelli àti ikọ̀ rẹ̀ ka DNA iṣu oko àti iṣu igbó tó jẹ́ 167, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science Advances pé agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà oòrùn Ghana àti ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, ni iṣu igbó ti di iṣu oko. Benin tiwa wà láàárín ibẹ̀. Àwọn baba ńlá wa ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Kò yẹ kó jẹ́ àlejò nìkan ni yóò mọ fáìlì rẹ̀ kà.

1. Ẹ mọ ohun tó wà nínú fáìlì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Iṣu kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ́tà A, C, G àti T. Bí lẹ́tà kan bá ti já bọ́ lára iṣu kan láti ìran dé ìran, ètò bíi MAFFT tàbí Clustal á fi àmì dáàṣì dí àyè rẹ̀, kí àwọn lẹ́tà yòókù lè bára wọn mu. Ó dà bí ebè tí a kọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ebè kẹta ìlà kìíní dojú kọ ebè kẹta ìlà kejì. Ìdí nìyí tí gbogbo ìlà fi gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba. Àwọn ìlà tí a tò báyìí là ń pè ní àtòpọ̀. Dáàṣì kì í ṣe ìdọ̀tí o. Ẹni tó bá yọ gbogbo dáàṣì kúrò torí kí fáìlì lè mọ́ ti tú ohun tí wọ́n tò, Biopython, àkójọ irinṣẹ́ Python fún ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè, kò sì ní gbà á mọ́ bí gígùn àwọn ìlà kò bá dọ́gba.

2. Ẹ sọ ìlànà tí wọ́n fi kọ fáìlì náà fún kọ̀ǹpútà. AlignIO, apá Biopython tó ń ka àtòpọ̀, kì í wo ìparí orúkọ fáìlì kó tó mọ ohun tó máa ṣe. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un pé "fasta" ni, tàbí "clustal", tàbí "stockholm". Nítorí náà ẹ ṣí fáìlì náà, kẹ́ ẹ fojú yín wo ìlà àkọ́kọ́. FASTA máa ń fi àmì > ṣáájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Clustal máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè, ó máa ń gé àwọn ìlà sí wẹ́wẹ́, ó sì máa ń fi ìràwọ̀ sábẹ́ òpó tí gbogbo lẹ́tà ti jọra. Stockholm bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú # STOCKHOLM 1.0, ó sì parí sí //. PHYLIP, tí Joe Felsenstein gbé kalẹ̀, máa ń kọ iye ìlà àti iye òpó ṣáájú ohunkóhun.

3. Bí àtòpọ̀ kan ṣoṣo bá wà nínú fáìlì, ẹ lo AlignIO.read. Bó bá ju ọ̀kan lọ, parse ni. Ohun tí parse bá gbé fún yín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè là á kọjá. Tẹ́ ẹ bá padà síbẹ̀, òfìfo lẹ máa bá.

4. Ẹ ṣọ́ orúkọ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ká ní ẹ kó iṣu láti oko wa, ẹ wá pè wọ́n ní Idigny_isu_01 àti Idigny_isu_02. Nínú FASTA, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ní kí Biopython kọ wọ́n sí PHYLIP, lẹ́tà mẹ́wàá péré ni ìlànà yẹn fàyè gbà fún orúkọ. Ẹ kà á: Idigny_isu, mẹ́wàá gééré. Àwọn méjèèjì ti di orúkọ kan náà. Biopython á kígbe pé orúkọ tún ara rẹ̀ sọ, ó sì dáa bó ṣe kígbe. Ẹ lo "phylip-relaxed", tó fàyè gba orúkọ gígùn. Bákan náà, ẹ má fi àlàfo sáàárín orúkọ nínú FASTA, torí ibi tí àlàfo àkọ́kọ́ bá wà ni orúkọ parí sí. Ẹni tó bá kọ "Idigny isu 01", "Idigny" nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni èyí tí ẹ̀rọ kò ní kígbe lé lórí. Bí ìlà iṣu Laboko bá lọ jẹ́ orúkọ iṣu Kokoro, igi ìran tẹ́ ẹ bá fi fáìlì náà yà á yọ jáde, á rí rèǹtè-rente, irọ́ ni yóò sì máa pa. Laboko kì í ṣe Kokoro. Obìnrin tó ń ṣe èlùbọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìwo DNA. Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ kan, tí Clément Agbangla ti Abomey-Calavi wà lára wọn, fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ Benin ṣì ń mú iṣu láti inú igbó wá sóko, àti pé àdàlù iṣu igbó àti iṣu oko wà lára ohun tí wọ́n ń mú wálé. Ẹnu àgbẹ̀ ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ẹ ní ìwé kan lọ́tọ̀, tí orúkọ kúkúrú inú fáìlì yóò wà lápá kan, tí orúkọ tí àgbẹ̀ pe iṣu náà, abúlé rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n mú un yóò wà lápá kejì. Ẹ fi àmì ohùn sí i níbẹ̀ dáadáa.

5. Python bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo, onímọ̀ ẹ̀dá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá pe àtòpọ̀ yín ní a, òpó ọgọ́rùn-ún ni a[:, 99]. Ẹ tún rántí pé dáàṣì wà láàárín: òpó ọgọ́rùn-ún inú àtòpọ̀ lè má jẹ́ lẹ́tà ọgọ́rùn-ún lára iṣu náà.

6. Ẹ má kọ fáìlì tuntun lé ògbólógbòó lórí. AlignIO.write á pa ohun tó bá níbẹ̀ rẹ́, kò sì ní bi yín léèrè. Ẹ fún un ní orúkọ mìíràn. Bó bá dá nọ́ńbà 1 padà fún yín, àtòpọ̀ kan ló kọ, kì í ṣe iṣu kan. Lẹ́yìn náà ẹ ka fáìlì tuntun yẹn padà, kẹ́ ẹ wò bóyá iye ìlà, gígùn wọn àti orúkọ wọn bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ẹni tó bá yí Stockholm sí FASTA, kó mọ̀ pé àwọn àlàyé tó wà létí àwọn lẹ́tà kò ní bá a lọ. Ìlànà NEXUS ní tirẹ̀ kò ní gbà kẹ́ ẹ kọ ọ́ àyàfi tẹ́ ẹ bá sọ pé DNA ni, nínú molecule_type.

7. Ẹ má rò pé iṣẹ́ òyìnbó ni. Ní March 2020, ilé iṣẹ́ ìwádìí ACEGID tí Christian Happi ń darí nígbà náà ní Yunifásítì Redeemer's, l'Ẹ́dẹ, wà lára àwọn tó ka RNA kòkòrò Kòrónà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀fẹ́ ni Biopython, tẹ́ ẹ bá sì ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ láti ka fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wálé fún ìsinmi, ẹ mú ìwé orúkọ yẹn dání. Àwọn àgbà tó mọ orúkọ iṣu wa kò pọ̀ mọ́. Ẹ tètè wá bi wọ́n.