Wàrà Kíkan Àti Inú Àgbàlagbà

Inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń kùn tàbí kí ó wú bí wọ́n bá mu wàrà màlúù, nítorí pé ara wọn kò pèsè èròjà tí ń fọ́ ṣúgà inú rẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Yógọ́ọ̀tì sàn fún irú wọn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó mú un kan ń bá ìfun fọ́ ṣúgà náà. Àjọ tí ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí èyí ní ọdún 2010. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ wà láàyè. Nítorí náà, kí wàrà tó kan ni kí a ti sè é, ìbáà jẹ́ nónò àwọn Fúlàní. Bí a bá sè é lẹ́yìn náà, wọn yóò kú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ.