Ègbo Ifọ́n, Àbùlà Ìlobùú

Tí oṣù kẹjọ bá dé, tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti kó èrò wọ Òṣogbo, gbogbo ilé oúnjẹ tó lórúkọ níbẹ̀ á kún bámúbámú. Àlejò á dúró títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó, á san owó gọbọi, ìrẹsì tó lè rí jẹ níbikíbi ni wọn á sì gbé ka iwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀ gbọọrọ. Ẹrin-Ọ̀ṣun, Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun wà lẹ́bàá ọ̀nà náà, wọ́n sún mọ́ra débi pé àjèjì kì í mọ̀gbà tó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Oúnjẹ tó yẹ kéèyàn torí rẹ̀ wọkọ̀ wà níbẹ̀, èrò ọdún Ọ̀ṣun kì í sì í dé ibẹ̀.

Kí àlejò tó gbéra, kó mọ Ifọ́n tó ń lọ. Ìlú méjì ló ń jẹ́ Ifọ́n, Olúfọ́n sì ni wọ́n ń pe ọba méjèèjì. Ọ̀kan wà ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Benin. Ẹni tó bá tẹ “Ifon” sórí fóònù tí kò fi Ọ̀ṣun kún un lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí à ń sọ ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orólù. Ìlobùú ni ti Ìrẹ́pọ̀dùn.

Ègbo ni kó kọ́kọ́ wá, àárọ̀ ni kó sì wá a, torí ẹni tó bá sùn títí oòrùn fi mú, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló máa bá. Àgbàdo funfun gbígbẹ ni wọ́n fi ń sè é. Wọ́n á gbé e ka iná igi láti alẹ́, á máa hó jẹ́jẹ́ títí ọkà náà á fi là, á sì rọ̀ débi pé orógùn lásán ti tó láti fọ́ ọ. Ègbo kì í ní epo. Ẹ̀wà tí wọ́n dà lé e àti ata dídín ló ń gbé epo wá. Kéèyàn dúró wo bí ìyá ẹlẹ́gbo ṣe ń bù ú, ìyẹn gan-an tó ìran. Á tẹ́ ewé sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, á gbé ègbo lé e, á fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ àárín rẹ̀ kó jinú, á da ẹ̀wà sínú kòtò yẹn, á wá fi ata tí wọ́n ti dín títí tó fi dúdú yí etí rẹ̀ ká. Kí àlejò sọ pé ewé lòun fẹ́. Ègbo inú ọ̀rá kì í ta sánsán bí ti inú ewé, bó bá sì pẹ́ díẹ̀ nínú ọ̀rá, omi á sun sí i lára. Àwọn kan ń fi ṣúgà jẹ ẹ́ láìfi ẹ̀wà sí i, ìyẹn náà dára fún ọmọdé.

Ìdí kan wà tó fi yẹ kó jẹ́ Ifọ́n ni èèyàn ti jẹ oúnjẹ funfun yìí. Ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni, Ọbàtálá aláṣọ funfun, tí kì í jẹ iyọ̀, tí kì í mu ẹmu. Àwọn àgbà ń sọ pé òrìṣà náà fẹ́ lọ kí Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́, Ifá ní kó má lọ, ó lọ. Èṣù pàdé rẹ̀ lọ́nà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun sọ ẹrù, ẹrù náà sì ń dà sí aṣọ funfun rẹ̀ lára. Nígbà tó máa súnmọ́ Ọ̀yọ́, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó mú un lọ́wọ́, wọ́n ní olè ni. Ọdún méje ló fi wà lẹ́wọ̀n. Òjò kọ̀, oko gbẹ, àwọn obìnrin kò rọ́mọ bí, kí Ifá tó sọ fún Ṣàngó pé aláìṣẹ̀ kan wà nínú túbú rẹ̀. Wọ́n pọn omi wá wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun wọ̀ ọ́, wọ́n sì sìn ín padà sílé.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé ìtàn yìí dání. Ní Salvador, ní Bahia, Oxalufã ni wọ́n ń pè é, Òrìṣà Olúfọ́n náà ni, wọ́n sì ń ṣe ọdún omi rẹ̀, Águas de Oxalá, ní ìrántí ìwẹ̀ tí wọ́n wẹ̀ fún un l'Ọ́yọ̀ọ́. Oúnjẹ tí wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀ ni ebô, àgbàdo funfun tí wọ́n sè láìfi iyọ̀ sí. Ègbo wa ni. Ó sọdá òkun, orúkọ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tí ẹnikẹ́ni bá ní oúnjẹ tálákà ni, kí wọ́n sọ èyí fún un.

Ti Ìlobùú, àmàlà ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rò níbẹ̀ kì í gbé pátákó sókè. Páànù díẹ̀, bẹ́ǹṣì méjì, ike omi ìfọwọ́, ó parí. Kí àlejò wo ibi tí àwọn awakọ̀ àti ọlọ́kadà páàkì sí lọ́sàn-án, kó yà síbẹ̀. Owó ni wọ́n fi ń béèrè oúnjẹ: “Ẹ fún mi ní àmàlà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹran ẹgbẹ̀rún, ẹ fi ṣàkì kan sí i.” Gbẹ̀gìrì àti ewédú papọ̀ ni àbùlà, ata á wá lé e lórí. Ní 2024, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ṣì ń yó èèyàn. Láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè ní 2023, iye kan kì í dúró pẹ́ mọ́, nítorí náà kó mú owó lé sí i, kó sì mú owó wẹ́wẹ́ dání. Tó bá di aago mẹ́ta, gbẹ̀gìrì ti lè tán.

Kí ó béèrè ẹran ìgbẹ́ àti ẹja odò pẹ̀lú. Ìdí ni pé ọdẹ ni Erinlẹ̀, òrìṣà Ìlobùú. Òun ni wọ́n ní ó mú Olóbùú àkọ́kọ́, ọba Ìlobùú, dé ibi tí ìlú wà, tó sì gba àwọn ará ìlú lọ́wọ́ ogun Fúlàní, kó tó wọlẹ̀ nítòsí ìlú, tó di odò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní Kúbà, Inle ni wọ́n ń pè é, ẹja sì ni àmì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkíni kò ṣeé fojú fò dá. Àlejò tó bá dé ìdí ìkòkò tó kàn nawọ́ owó síwájú ti ṣe ohun tó burú. Kó kúnlẹ̀ díẹ̀ tàbí kó tẹríba, kó ní, “Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ajé á wọ igbá o.” Ìyá á ní “Àṣẹ,” ojú rẹ̀ á sì là. Kó má pè é ní “Madam.” Tí àwọn tó ń jẹun bá ní kó wá bá àwọn jẹ, kó má jókòó ti àwo wọn, kó má sì dákẹ́, “Á gba ibi ire o” ni èsì rẹ̀. Kò gbọdọ̀ béèrè àwìn lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì tajà. Èènì, ó lè béèrè tó bá ti sanwó tán, kó fi ẹ̀rín béèrè, wọ́n á sì fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ nídìí oúnjẹ: “Ibo ni Ìlobùú parí, ibo ni Ifọ́n ti bẹ̀rẹ̀?” Ìjà ààlà ilẹ̀ ti sun ilé, ó ti gba ẹ̀mí, àní ní 2025 ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin kónílé-ó-gbélé de àwọn ìlú náà, ìkòkò kò sì lè dé ìta. Ẹni tó bá béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin tó ń bu àmàlà ti fọwọ́ kan egbò tí kò tíì san. Kó béèrè bí ìlú ṣe rí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní Òṣogbo kó tó wọkọ̀. Tí wọ́n bá ní kò rọgbọ, kó sún un síwájú.

Tí ara bá dẹ̀, kó bá ọkọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kó má di ègbo lọ sí Èkó o, á ti kan kó tó délé.